Bí Mo Ṣe Bá A, Bí Mo Ṣe Fi Í Sílẹ̀

Tó bá jẹ́ ìtàn tí wọ́n ti ń dárí ji ara wọn níkẹyìn lẹ fẹ́, ẹ gbé èyí sílẹ̀ kí ẹ wá òmíràn kà. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò dárí ji ẹnikẹ́ni, èmi tí mo sì ń sọ ọ́ kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jini. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi gbé ọ̀rọ̀ kan sínú. Ó ń bá a sùn, ó ń bá a jí, ó ń gbé e wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀ bí ẹni gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán dání. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó dá a padà fún ẹni tó ni ín, kò sì dín nǹkan kan kù níbẹ̀.

Ìyá Òṣùwọ̀n la máa ń pè é nílé iṣẹ́ ọṣẹ tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ̀ níbẹ̀, "Sítọ̀" náà sì lòun ń pè mí, bíi pé àwọn òbí mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yẹ gbogbo òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ wò, láti orí èyí tó tóbi tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rá lẹ́nu géètì, títí dé orí kékeré tó ń wọn ọṣẹ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi bébà wé e. Ó ní àpótí onígi kan tí wọ́n fi aṣọ pupa múlọ́múlọ́ tẹ́ nínú. Ọmọ ìwọ̀n idẹ méjìlá ló tò síbẹ̀, èyí tó tóbi jù tó ìkúùkù, èyí tó kéré jù kò ju èékánná lọ. Kì í fọwọ́ lásán kàn wọ́n. Ìbọ̀wọ́ funfun ló máa ń wọ̀, nítorí òógùn. Ó ní òógùn ọwọ́ èèyàn wúwo ju bí a ṣe rò lọ.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kì í rú. Tó bá dé ìdí òṣùwọ̀n, tó rí i pé ó ń parọ́, kò ní tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ kọ irọ́ náà sílẹ̀. Ó máa ń pín ojú ìwé sí méjì. Lókè apá òsì, á kọ "Bí mo ṣe bá a." Lókè apá ọ̀tún, á kọ "Bí mo ṣe fi í sílẹ̀." Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó ń fi àkókò ṣòfò báyìí, ó sì wò mí bí ẹni wo ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Tí o bá tún un ṣe láì kọ bó o ṣe bá a, o ti bá a bo àṣírí nìyẹn. Ta ló máa wá mọ iye ọjọ́ tó ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ?"

Ìwé kọ̀ọ̀kan ni ọ̀gá kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Èmi àti òun la jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Mẹ́sàn-án la wà ní kíláàsì wa. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó rówó rán ọmọ tiwọn lọ sí yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé àbọ̀ ìwé la lọ kà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tilẹ̀ bi mí pé ṣé wọ́n gé fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wa náà sí méjì ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí wọra. Lọ́jọ́ tí a gba ìwé ẹ̀rí, àwa mẹ́sàn-án dúró nídìí ẹ̀rọ omi, a ṣàdéhùn pé lọ́dọọdún kálukú á máa sọ iye tó ń gbà lóṣù fún àwọn yòókù láì fi bò, ká lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé àbọ̀ ni ìwé wa. Ìyá Òṣùwọ̀n la ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ta la tún fẹ́ gbé e fún?

Ó ra ìwé àjákọ aláwọ̀ búlúù kan. Ó sọ owó oṣù àkọ́kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan di ọgọ́rùn-ún, ó wá ń kọ bó ṣe ń gbéra láti ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wa náà ní akọ̀wé kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an, obìnrin olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń pe gbogbo àwọn tó ti jáde lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kì í kí èèyàn pẹ́. "Owó oṣù yín ńkọ́? Ṣé ó ti gbéra?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé Ó-Ti-Gbéra la sọ ọ́.

Ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, òótọ́ ni, ó ń gbéra. Àwa mẹ́rin tí a wọ ilé iṣẹ́ ọṣẹ àti àwọn márùn-ún tó lọ sílé iṣẹ́ mìíràn, ẹsẹ̀ kan náà la jọ ń gbé. Láti ọgọ́rùn-ún, ó di ọgọ́fà, ó di àádóje. Inú wa ń dùn. Mo tilẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi láti sọ fún un, ó ní òun ń sùn lọ́wọ́. Ìgbà náà ni mánéjà òṣìṣẹ́ tuntun dé.

Ọkùnrin tó fẹ́ràn sítáàṣì ni. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gé búrẹ́dì. Kì í fi ìka tọ́ka sí nǹkan, bírò ló fi ń tọ́ka. Ó fi férémù kọ́ dìgírì rẹ̀ méjèèjì sára ògiri ọ́fíìsì, ó sì tan iná kékeré lé wọn lórí bíi pé òkùnkùn lè jí wọn gbé.

Lọ́dún tó dé náà ni àgbà tó jẹ́ ọ̀gá yàrá òṣùwọ̀n fẹ̀yìn tì. Gbogbo wa la mọ ẹni tó kàn. Ọdún méjì ni ojú ti ń dun bàbá náà, Ìyá Òṣùwọ̀n ló sì ń bá a ṣe iṣẹ́ ọ̀gá láì gba owó ọ̀gá. Mánéjà ránṣẹ́ pè é. Ìdí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti wá a kàn, ó sì gbé àpótí idẹ rẹ̀ dání lọ, torí pé kì í fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àpótí yẹn kì í ṣe kékeré lọ́wọ́. Àga méjì wà níwájú tábìlì mánéjà. Fáìlì wà lórí ọ̀kan, kóòtù rẹ̀ wà lórí èkejì, kò sì ní kí obìnrin náà jókòó. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi àga rẹ̀ yí po. Ogójì ìṣẹ́jú ni Ìyá Òṣùwọ̀n fi dúró pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ogójì ni torí aago wà lórí ògiri lẹ́yìn mánéjà, kò sì sí nǹkan mìíràn tó lè máa wò ju dìgírì lọ.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ, ìwé ọlọ́dún méjì lo ní, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo sì ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ yìí."

Ó na bírò sókè. "Ṣé o rí àjà yẹn? Ibi tí irú ìwé yín ń gbé èèyàn dé nìyẹn. Orí ẹ ti kàn án. Ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ, ẹ má retí pé owó yín tún máa gbéra. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun ni ọ̀gá yàrá òṣùwọ̀n. Dìgírì ló ní. Ìwọ lo máa kọ́ ọ níṣẹ́."

"Ẹni tí mo máa kọ́ níṣẹ́ ló máa jẹ́ ọ̀gá mi, sà?"

"Tí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilẹ̀kùn ò tì."

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ní sítọ̀ ló wá. Kò sunkún. Ó gbé àpótí lé orí káńtà mi, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ká a ní mẹ́rin. Ó ní, "Sítọ̀, mo ti kọ bí mo ṣe bá a."

Mo ní, "Kí lo kọ?"

"Ó jókòó, mo dúró." Ó gbé àpótí rẹ̀. "Èmi náà máa tún un ṣe lọ́jọ́ kan."

Ojú tó fi sọ ọ́, tó bá jẹ́ èmi ni mánéjà, ǹ bá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mánéjà dé lọ́jọ́ Ajé lóòótọ́. Kó tó di ọ̀sán, ó ti fi ọwọ́ tó fi jẹ búrẹ́dì alábọ́tà gbé ọmọ ìwọ̀n tó kéré jù, ó ń jù ú sókè, ó ń hán an. Ìyá Òṣùwọ̀n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó fi aṣọ nù ún, ó dá a padà sínú àpótí. Láàrin oṣù mẹ́ta, ọ̀gá tuntun ti mọ gbogbo ibi tí èèyàn lè sùn sí nínú ilé iṣẹ́ wa. Nítorí pé kì í sí nítòsí, mánéjà fúnra rẹ̀ ló wá ń bá a fọwọ́ sí ìwé òṣùwọ̀n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n á kó wọn lọ, ogún, ọgbọ̀n, ọkùnrin náà á sì máa fọwọ́ sí wọn láì wo ohun tó wà níbẹ̀, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó ní òṣùwọ̀n kò yé òun, kò sì yẹ kó yé ọ̀gá.

Ìgbà kan ṣoṣo ni òṣùwọ̀n yé e. Òṣùwọ̀n kan wà ní yàrá nọ́ọ̀sì tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọn ara wọn. Mánéjà gun orí rẹ̀, ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn, ló bá ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá tún un ṣe, ó ti bàjẹ́. Ìyá Òṣùwọ̀n gbé àpótí rẹ̀ lọ. Ó yẹ òṣùwọ̀n náà wò fún odidi wákàtí kan. Ó wá kọ ọ́ sí apá òsì pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ó kọ ohun kan náà sí apá ọ̀tún, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. A fi ìyẹn rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òun kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kéré lójú rẹ̀.

Lọ́dọọdún ló ń ṣí ìwé búlúù náà, lọ́dọọdún ni inú túbọ̀ ń bí i. Àwọn márùn-ún tó wà níta ń lọ. Ọ̀kan wà nílé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, ọ̀kan ní ilé ìwòsàn, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì, àwọn méjì jọ wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ìwé ọlọ́dún méjì kan náà, òǹtẹ̀ kan náà ló wà lára rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún kọkànlá, kò sí èyí tí kò tíì dé ọgọ́sàn-án nínú wọn. Àwa tí mánéjà fi àjà hàn wà ní mẹ́rìnlélàádóje. Owó ilé gbéra, owó ọkọ̀ gbéra, owó tiwa jókòó. Ó máa ń ka nọ́ńbà náà sí mi létí ní sítọ̀, á wá ní, "Ṣé o rí i, Sítọ̀? Ìwé wa kọ́ ló kúrú. Èèyàn kan ló jókòó lé wa lórí."

Èmi máa ń ní kó fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Á ní Ọlọ́run náà mọ̀ pé òun ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Báyìí la wà tí ọ̀gá àgbà tuntun fi dé ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní pípe èèyàn kọ̀ọ̀kan lórí fóònù ń pẹ́ jù. Ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn máa fi iye tí wọ́n ń san ránṣẹ́, wọ́n á sì bu ọlá fún èyí tí owó oṣù àwọn ọlọ́dún méjì ibẹ̀ bá gbéra jù. Akọ̀wé Ó-Ti-Gbéra ta kò ó, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tirẹ̀. Mánéjà wa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlá, ojú rẹ̀ tàn. Bàbá Oníléeṣẹ́, ìyẹn àgbàlagbà tó ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ti ṣèlérí pé bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá dára síta, òun á fún un ní ìjókòó láàrin àwọn olùdarí. Mánéjà bá jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó wù ú ránṣẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Ìyá Òṣùwọ̀n, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ wa, mú ìwé ìpolongo ilé ẹ̀kọ́ náà wálé. Orúkọ ilé iṣẹ́ wa wà níbẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n ní níbẹ̀, owó oṣù ọlọ́dún méjì máa ń gbéra láti ọgọ́rùn-ún dé igba láàrin ọdún méjìlá.

Ọmọ náà ní, "Màámi, ṣebí ọdún méjìlá lẹ ti lò níbẹ̀? Ṣé tiyín ti di igba ni?"

Ìyá Òṣùwọ̀n wá ro ọ̀rọ̀ náà fún mi ní sítọ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Tó bá ní rárá, ọmọ á rò pé ìwé náà ni kò wúlò, á sì jókòó sílé. Ó ní kí ọmọ náà fún òun ní oṣù kan, òun á dá a lóhùn.

Àárín oṣù yẹn ni mánéjà kó àwa ọlọ́dún méjì jọ, mẹ́tàdínlógún. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, pẹ̀lú ọwọ́ mánéjà àti òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́. Ó gbé bébà kan síwájú wa, orúkọ wa wà níbẹ̀, igba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tí ò bá fẹ́ kó má ṣe wá lọ́la."

Kí n má purọ́ fún yín, mo fọwọ́ sí i. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Ojú tì mí, mo sì fọwọ́ sí i kí ooru ọwọ́ ẹni tó ṣáájú mi tó kúrò lára bírò. Ìyá Òṣùwọ̀n ló kẹ́yìn. Mánéjà kò tilẹ̀ ní kó fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ìwọ lọwọ́ ẹ dáa jù nínú wọn, akọ̀wé mi sì ti lọ bímọ. Tún un kọ kó mọ́, sórí irú fọ́ọ̀mù ẹ tó dáa yẹn. Tó bá lọ dáadáa, a máa wo ọ̀rọ̀ ipò ọ̀gá yẹn."

"Ó dáa, sà."

Ó dáa, sà! Ẹ̀jẹ̀ rú bò mí lójú. Mo lé e bá ní yàrá òṣùwọ̀n.

"O ti tà wá! Ọdún mẹ́fà lo fi ń pariwo, ó wá fi ipò hàn ẹ́, o sì gbà?"

Ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mú ìwé owó oṣù ẹ wá, èyí tí wọ́n fún ẹ nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ àtèyí tí wọ́n fún ẹ lóṣù tó kọjá. Gba tàwọn yòókù wá bákan náà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò."

Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ kó tó mú bírò. Ìgbà tó kọ ọ́ tán tó yí i sí mi ló yé mi. Fọ́ọ̀mù òṣùwọ̀n rẹ̀ ni, ojú ìwé tó pín sí méjì. Orúkọ wa mẹ́tàdínlógún tò síbẹ̀. Apá òsì, "Bí mo ṣe bá a": mẹ́rìnlélàádóje, àádóje, méjìlélàádóje, bó ṣe rí gan-an. Apá ọ̀tún, ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún àkọlé, "Bí wọ́n ṣe ní kí n fi í sílẹ̀": igba, igba, igba, dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Á kà á."

Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé irú ẹ̀ lọ bá a. Kò ka ọ̀kan rí."

Lọ́jọ́bọ̀, mo wá iṣẹ́ sítọ̀ kan tí mánéjà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kí n lè wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n ìwé ni Ìyá Òṣùwọ̀n kó sórí tábìlì, tiwa wà láàrin. Fóònù wà léjìká mánéjà, ó ń bá télọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa kóòtù tó máa wọ̀ lọ gba ọlá. Ó ń fọwọ́ sí i, ó ń tẹ òǹtẹ̀, ó ń ṣí i. Nígbà tó kan tiwa, ó dá bírò dúró.

"Ti owó oṣù yẹn wà níbí?"

"Ó wà níwájú yín yẹn, sà. Bẹ́ ẹ ṣe ní kí n fi í sílẹ̀ wà níbẹ̀."

Ó wo apá ọ̀tún. Ó rí igba. Ojú rẹ̀ kò rìn dé apá òsì. Ọdún mẹ́fà ló ti kọ́ ọ pé kò sí nǹkan tó kàn án níbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì pẹ̀lú télọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù Ìyá Òṣùwọ̀n dún níwájú mi. Akọ̀wé Ó-Ti-Gbéra ni.

"Apá méjì ni ìwé yín ní. Èwo ni kí n lò?"

"Èwo ni wọ́n fọwọ́ sí?"

"Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọwọ́ wà. Méjèèjì ló kó."

"Ẹ lo méjèèjì nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, mà."

Akọ̀wé náà ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró de irú èyí." Ó gé fóònù.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa kún lọ́jọ́ náà. Bàbá Oníléeṣẹ́ jókòó níwájú, ọ̀pá rẹ̀ wà láàrin orúnkún. Mánéjà wọ kóòtù tuntun, ìyàwó rẹ̀ ń yà á ní fọ́tò láti ọ̀tún àti òsì. Àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà lẹ́yìn, ọmọ Ìyá Òṣùwọ̀n wà láàrin wọn. Wọ́n pe orúkọ ilé iṣẹ́ wa, a pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé Ó-Ti-Gbéra dìde pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó ní kí gbogbo èèyàn wo ògiri, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbé ìwé kan hàn gàdàgbà, ìwé tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ nìyí, tọwọ́ mánéjà tòǹtẹ̀. Ó wá ń kà á. Apá òsì, apá ọ̀tún. Àádóje, igba. Mẹ́rìnlélàádóje, igba. Nígbà tó dé orúkọ kẹrin, àwọn èèyàn ti ń nọ́gà wo ògiri. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyàwó mánéjà rọra gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Bàbá Oníléeṣẹ́ yíjú. "Kí nìyí?"

Mánéjà fò dìde. "Sà, obìnrin yìí ló fẹ́ bà mí jẹ́! Òun ló kọ ọ́!"

Ìyá Òṣùwọ̀n dìde. "Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Mo wà níbẹ̀. Àwa yòókù la fọwọ́ sí irọ́, òun nìkan ni ò fọwọ́ sí i."

"Bàbá," ni mánéjà wí, òógùn ti bo sítáàṣì, "bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Owó ọlọ́dún méjì kì í gbéra. Ìwé wọn ló kéré."

"Ìwọ lo kọ̀wé pé ó ti di igba."

Ibẹ̀ ni gbogbo gbọ̀ngàn ti rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì ń rín jù. Ìyá Òṣùwọ̀n kò rín. Ó mú ìwé búlúù jáde nínú àpò, ó gbé e lọ bá Bàbá Oníléeṣẹ́, ó fi hàn án, ọdún méjìlá, èèyàn mẹ́sàn-án. Ó ka àwọn márùn-ún tó wà níta fún un, kò sí èyí tí kò tó ọgọ́sàn-án. Ó ka àwa mẹ́rin. Ó ní, "Ìwé kan náà ni, sà. Ẹ wo ọdún tí tiwa dúró." Bàbá náà wo ọdún náà. Ó wo mánéjà. Gbogbo wa la mọ ẹni tó dé lọ́dún yẹn.

Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi. Wọn kò fún wa ní ọlá, oṣù kan ni wọ́n sì fún un kó fi kó ẹrù rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dúró kí ẹnikẹ́ni lé e. Lọ́jọ́ kejì, a kàn rí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lórí àga, bọ́tà wà lára rẹ̀. Wọ́n fi Ìyá Òṣùwọ̀n jẹ ọ̀gá yàrá òṣùwọ̀n. Owó tiwa mẹ́tàdínlógún gbéra dé ọgọ́jọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Kò tíì tó, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì tó.

Ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Màámi, ṣé kí n lọ?"

Ó ní, "Lọ. Ṣùgbọ́n ra ìwé àjákọ dání."

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá ń fi ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé fọ́ọ̀mù kan káàkiri, kí ọ̀gá yàrá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kó sì kọ ohun tó bá ní láti sọ síbẹ̀. Bí ọwọ́ yàrá kan bá ṣẹ́kù, kò ní gba owó ìkẹyìn. Mánéjà gbé tirẹ̀ káàkiri. Ó wá bá mi ní sítọ̀, mo fọwọ́ sí i, mi ò wo ojú rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ló kù. Mo ti ilẹ̀kùn sítọ̀, mo tẹ̀ lé e, mo ní ìwé kan ni mo fẹ́ mú níbẹ̀. Ìwé wo? Kò sí ìwé kankan.

Ìyá Òṣùwọ̀n wà nídìí òṣùwọ̀n kan. Àga méjì wà nínú yàrá náà. Àpótí idẹ wà lórí ọ̀kan, kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí èkejì.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ dúró díẹ̀."

Ó gbé ọmọ ìwọ̀n àkọ́kọ́, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó dúró kó fara balẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dá a padà sínú àpótí, ó gbé ìkejì. Méjìlá ni wọ́n. Kò yára, kò lọ́ra. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sinmi, ó gbé tòsì sinmi, fọ́ọ̀mù ń rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àga, ó wo àpótí, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti rántí. Mo wo aago ògiri. Nígbà tó pé ogójì ìṣẹ́jú, obìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ká a ní mẹ́rin, ó gba fọ́ọ̀mù.

Ó fa ìlà kan láàrin àyè tó wà fún yàrá òṣùwọ̀n. Apá òsì, "Bí mo ṣe bá a: ó jókòó." Apá ọ̀tún, "Bí mo ṣe fi í sílẹ̀: ó dúró." Ó fọwọ́ sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó nà án sí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ọkùnrin náà ka apá méjèèjì. Ó la ẹnu, bóyá láti bẹ̀ ẹ́, bóyá láti bú u, mi ò mọ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n ti yíjú padà sídìí òṣùwọ̀n. Ó kàn na bírò sókè, ó tọ́ka sí àjà.